Ẹnu La Fi Ń Gé Ọ̀rọ̀: Ìgbésí Ayé Mi Nídìí Lẹ́tà Òjé

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìlobùú ní eré kan tí wọ́n máa ń fi mí ṣe. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sórí bébà, wọ́n á kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi, wọ́n á gbé e sójú oòrùn kí lẹ́tà lè hàn sódì, wọ́n á ní, "Màmá Ìtẹ̀wé, ó yá o, ẹ kà á." Màá sì kà á láìjẹ́ kí ahọ́n mi kọsẹ̀. Wọ́n á pariwo bí ẹni pé mo pidán. Idán kọ́, iṣẹ́ ni. Òjé tí a fi ń tẹ̀wé nígbà tiwa, sódì ni lẹ́tà ara rẹ̀ máa ń wà kó tó lè jáde dáadáa lórí bébà. Ẹni tó bá ti wo ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn láti ìgbà èwe títí dọjọ́ ogbó, kò sí bí ojú rẹ̀ kò ṣe ní mọ ọ̀nà.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn olùkọ́ kan ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn ọmọ tó ń jáde ìwé mẹ́wàá tí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa yàn. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n pọ́n iṣẹ́ náà ni àbí kí n sọ bó ṣe rí. Wọ́n ní kí n sọ bó ṣe rí. Ó dáa, ẹ jókòó.

Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀ kò gùn. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ìyá mi sì fẹ́ kí n kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Wọ́n rán mi lọ gba ìwé ìkésíni ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ìtẹ̀wé kan lọ́nà ọjà. Mo rí ọkùnrin kan tó ń ṣa lẹ́tà bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀, kò sì wo ibi tí ọwọ́ ń lọ rárá. Ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìyá mi bínú, bàbá mi bá mi bẹ̀ ẹ́, ó tán. Ní ti owó, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, kò sì jẹ́ kébi pa mí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ṣa lẹ́tà yẹn ni ọ̀gá mi. Làmídì lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìfọ́n ni, ṣùgbọ́n Ìlobùú ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ wà. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó máa ń fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. N kò gbọ́ kí ó pariwo rí. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ì bá tilẹ̀ fẹ́ràn kí ó pariwo. Ariwo máa ń tán. Ìbéèrè Ọ̀gá ni kì í tán.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo fi ń ṣa lẹ́tà tó bọ́ sílẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí n to ìlà kan. Lẹ́tà òjé kéré, wọ́n máa ń já bọ́ bí ìyẹ̀fun. Èmi ni mo máa ń fi orúnkún rìn lábẹ́ ẹ̀rọ láàárọ̀, tí màá ṣa gbogbo wọn, tí màá dá ìkọ̀ọ̀kan padà sí ilé rẹ̀. Àpótí pẹrẹsẹ kan tó ní ọ̀pọ̀ yàrá kéékèèké ni ilé wọn, kéèsì là ń pè é. Lẹ́tà A ní yàrá tirẹ̀. Á ní tirẹ̀, À ní tirẹ̀. Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ní tirẹ̀, èyí tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní lókè ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé kì í ra àwọn olójú-àmì wọ̀nyẹn. Wọ́n á ní ẹni tó bá ń kà á yóò mọ ohun tí a ń sọ. Ọ̀gá á bi wọ́n pé, "Ta ló sọ fún yín pé yóò mọ̀?"

Àwa ọmọṣẹ́ máa ń kùn. A máa ń sọ láàrin ara wa pé bí a bá fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè, ọdún wo la máa bu èèyàn jẹ? Ọ̀gá gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹni tí wèrè náà bá ti yá nínú yín, kó máa lọ sílé."

Nígbà tí ó wá jẹ́ kí n to lẹ́tà, mo rò pé mo ti dé. Irin kékeré kan ni a máa ń mú lọ́wọ́ òsì, a ó máa to lẹ́tà sínú rẹ̀ títí ìlà á fi kún. Bí ìlà bá kún tí ọ̀rọ̀ kò tíì parí, a gbọ́dọ̀ gé e, kí a fi ìyókù sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ kan, ìlà mi kún síbi "gbogbo." Mo fi "gbog" sí òkè, mo fi "bo" sí ìsàlẹ̀. Lójú mi, ó ṣe rẹ́gí.

Ọ̀gá wò ó. "Bísí, ka ìlà òkè yẹn fún mi, kí o sì dúró síbi tí o gé e sí."

Mo ní, "Gbo..."

"Kì í ṣe gbo lo kọ. Gbog lo kọ. Pè é."

Mo gbìyànjú rẹ̀. Kò ṣeé pè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

"Ǹjẹ́ o ti gbọ́ Yorùbá tó ń pa ẹnu dé sórí g rí?" ni ó bi mí. "Ọ̀rọ̀ wa, inú fáwẹ́lì ló máa ń sinmi sí. G àti b yẹn, ìbejì tí a kò lè yà ni wọ́n. Pàtẹ́wọ́ sí i."

Mo pàtẹ́wọ́: gbo, gbo. Àtẹ́wọ́ méjì.

"Pańla."

Mo pàtẹ́wọ́ méjì. Ó mi orí. Mo tún un ṣe: pa, ń, la. Mẹ́ta. Ń àárín yẹn dá ní ohùn tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní fáwẹ́lì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Má fi ojú gé ọ̀rọ̀ mọ́. Ojú kò mọ Yorùbá. Ẹnu la fi ń gé ọ̀rọ̀." Ó sì ní kí n tú gbogbo ojú ìwé náà palẹ̀, kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sunkún. Mo tò ó.

Òfin kan tún wà tí Ọ̀gá kì í jẹ́ kí a gbàgbé. Bí o bá gé ọ̀rọ̀, má ṣe jẹ́ kí lẹ́tà kan ṣoṣo dá dúró níbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ìdí rẹ̀ kò le. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, rólà tó kún fún íǹkì máa ń yí kọjá lórí àwọn lẹ́tà. Íǹkì máa ń lẹ̀. Lẹ́tà tó bá wà láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á dì í mú. Èyí tó bá dá wà létí, tí ìlà rẹ̀ kò sì le dáadáa, rólà lè fà á yọ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fa eyín, ẹ̀rọ á sì máa tẹ̀wé lọ láìsí i.

Mo gbòmìnira, ṣùgbọ́n n kò kúrò. Ọ̀gá ní kí n dúró kí a jọ máa ṣe é. Ìwé àdúrà, káàdì ìsọmọlórúkọ, ìwé ìdánwò fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń da ẹran lọ sóko olóko, kò sí èyí tí a kò tẹ̀.

Òjò ọdún kan wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kànga kún dé ẹnu, omi ojúde sì ń ṣàn wọ inú wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ń pa èèyàn ní àwọn abúlé oko. Lẹ́yìn náà ó wọ ìlú. Onígbáméjì ni.

Obìnrin òyìnbó kan ń ṣe nọ́ọ̀sì nígbà náà ní ilé ìwòsàn kékeré tí ìjọ Àgùdà kan ní lágbègbè wa. Sísítà Pìlá là ń pè é. Orílẹ̀-èdè Spéènì ni wọ́n ti bí i, ó sì ti gbọ́ Yorùbá dé ibi tó lè bá àwọn ìyá ọlọ́mọ ṣe àwàdà. Ó wọlé wá bá wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó mú ìkéde kan lọ́wọ́ tí òun àti olùkọ́ kan ti kọ sílẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní àwọn kò lè dé gbogbo agbolé tán, pé ìwé ni yóò bá àwọn dé ibẹ̀. Ó fẹ́ lẹ́tà ńlá, tí àwọn àgbàlagbà máa rí láìsí awò, lórí bébà kékeré tó ṣeé lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìkòkò omi.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó dé orúkọ àìsàn náà, ó pàtẹ́wọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: o, ní, gbá, mé, jì. Ó ní, "Ẹ wò ó, Sísítà, bí mo bá gbàgbé àmì orí gbá yìí, tí mo fi ti ìsàlẹ̀ sí i, á di onígbà méjì. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn mọ́."

Sísítà rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó mú bírò, ó kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é lédè tirẹ̀ sórí ẹ̀yìn bébà: cólera. Òun náà pàtẹ́wọ́ sí i: có, le, ra. Mẹ́ta.

Mo rí àmì lórí o. Mo ní, "Sísítà, ẹ̀yin náà ń fi àmì ohùn òkè sórí ọ̀rọ̀?"

"Kì í ṣe ohùn òkè gan-an," ni ó wí. "Ibi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Àwa máa ń fi agbára sí ibì kan nínú ọ̀rọ̀, ìyókù á tẹ̀ lé e bí ọmọ ẹ̀yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọ̀rọ̀ bá parí sí fáwẹ́lì, ìkejì láti ẹ̀yìn ni agbára máa ń wà, a kì í kọ àmì sí i. Ṣùgbọ́n nínú èyí, iwájú pátápátá ló wà, ìkẹta láti ẹ̀yìn. Ó ṣẹ̀ sí ìṣe, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ àmì sí i."

Ọ̀gá dá iṣẹ́ dúró. Ó pè é, ó fi ohùn òkè sí iwájú, ó fi ti ìsàlẹ̀ sí ìyókù, bí Yorùbá yòówù ṣe máa pè é. Sísítà ní kò burú. Inú Ọ̀gá dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé lójú ọ̀nà àjò. Ó wò mí. "O rí i? Kò síbi tí wọn kì í ti í pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn náà ló padà sídìí iṣẹ́. Bébà tó kù kò ní ju iṣẹ́ yìí lọ, ó rán mi lọ sí Òṣogbo lọ rà sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo lọ, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìlà kan wà tí kò gbà: "Ẹ máa se omi kí ẹ tó mu ún." Pẹ̀lú lẹ́tà ńlá yẹn, ìlà kún síbi "má." Ó yẹ kí ó tú ìlà náà, kí ó tò ó ní ọ̀nà mìíràn. Sísítà ń dúró, wọ́n sì ti rán èèyàn wá pe obìnrin náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá fi "má" sí òkè, ó fi "a" ìyókù sí ìsàlẹ̀, ó dá nìkan wà. Ẹnu kò lòdì sí i, nítorí àtẹ́wọ́ méjì ni máa: má, a. Òfin tirẹ̀ ni ó lòdì sí i. Wọ́n tẹ èyí àkọ́kọ́ jáde, wọ́n jọ kà á, ó pé. Sísítà ní ó dára. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí n tó dé láti Òṣogbo, wọ́n ti di gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ Sísítà sì ti gbé e lọ. Ti Ìlobùú ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ti Ìfọ́n àti àwọn oko rẹ̀ ló tẹ̀ lé e.

Kò pẹ́ sí i tí ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá obìnrin, Ìyá Rábì, yà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ìfọ́n ni ó ń gbé, ó wá sọ́jà. Ó jókòó sórí àpótí, ó tú gèlè rẹ̀.

"Làmídì, Ọlọ́run á fún ọ lẹ́mìí gígùn. Igi ìdáná ti wọ́n, òjò sì ti rin èyí tí mo ní. Ìwé yín ti gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ká má se omi mọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa se omi ni wọ́n sọ."

"Ẹ má se omi ni ọmọ Rábì kà fún mi. Ọmọ náà kì í sì í ṣe òpè." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ìwé náà jáde, ó ti ká a kékeré.

Ọ̀gá gbà á. Ó kà á. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ó dìde lọ síbi férémù irin tí a to lẹ́tà náà sí, a kò tíì tú u. Ó fi ìka wá ìlà náà. Níbi tó yẹ kí lẹ́tà a wà, ihò kékeré kan ló wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ. Mo rí lẹ́tà náà, ó lẹ̀ mọ́ irin nínú íǹkì, ó dúdú bí eèrà.

Ọ̀gá ní, "Ti Ìlobùú ńkọ́?"

Mo sáré jáde lọ wo èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé tó kọjú sí wa. Ó pé. Mo padà wá sọ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilé, ẹ mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ ti wà láàrin ìlú méjèèjì tipẹ́. Ìwé tó jáde láti Ìlobùú, tó pé ní Ìlobùú, tó wá ń sọ fún ará Ìfọ́n pé kí wọ́n mu omi tútù nígbà onígbáméjì. Kò sẹ́ni tí a máa sọ fún pé rólà ló fa lẹ́tà yọ tí yóò gbà.

Ìyá Rábì dìde. Ohùn rẹ̀ kéré. "Omi tí mo bù fún àwọn ọmọ láàárọ̀ yìí ńkọ́?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé gèlè rẹ̀ dání, ó ń sáré lọ síbi ọkọ̀.

Mo ní kí a tẹ òmíràn kíákíá. Ọ̀gá ní rárá. "Ìwé ló bà á jẹ́, ẹnu ni yóò kọ́kọ́ tún un ṣe." Ó mú lẹ́tà a náà, ó nù ún, ó jù ú sí àpò. A lọ bá Sísítà. Nígbà tó gbọ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wọ ọkọ̀, àwa náà wọlé. Ní Ìfọ́n, èrò ti pé jọ síwájú mọ́ṣáláṣí kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán. Ẹnì kan ti mú ìwé ti Ìlobùú dé, wọ́n fi wéra pẹ̀lú tiwọn. A kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí a ti ń gbọ́ ohùn wọn.

Ọkùnrin tó wà níwájú ni wọ́n ń pè ní Lásúnkànmí. Káfíńtà ni, òun sì ni ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí náà. Ọmọ bíbí inú Ọ̀gá lè jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó na ìwé náà sí i.

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀gá ṣí fìlà rẹ̀. "Èmi ni."

"Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọmọ Ìfọ́n ni mí, ẹ mọ ilé bàbá mi. Ọwọ́ mi ló tò ó. Mo gé ọ̀rọ̀ síbi tí kò yẹ. Mo mọ̀ pé kò yẹ, mo ń kánjú. Lẹ́tà kan bọ́." Ó kó ọwọ́ sí àpò, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ.

"Lẹ́tà kan!" ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Kí ló dé tí ti Ìlobùú kò bọ́?" Àwọn mìíràn gbè é. Mo rí ẹni tó tẹ̀ ba mú òkúta. Ọmọ Ìlobùú ni mí, n kò sì ní irọ́ láti pa: mo sá sẹ́yìn Sísítà.

Lásúnkànmí kò pariwo. Ó wo lẹ́tà náà pẹ́. Ó ní, "Èmi ni mo kà á fún ìyá mi. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, Màámi. Àná la sin ín."

Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, níwájú ọkùnrin tó tó bí lọ́mọ. Kò sọ pé kó forí jì í. Ó dọ̀bálẹ̀ ni. Lásúnkànmí kò sì ní kó dìde.

Nígbà tó yá, Lásúnkànmí nu ojú rẹ̀. "Ẹ dìde, bàbá. Bí ẹ bá dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ta ni yóò sọ fún àwọn tó wà lóko?" Ó gun àtẹ̀gùn tó ti máa ń pe ìrun, ó fi ọwọ́ kan etí, ó sì fi ohùn tó fi ń jí gbogbo àdúgbò pe ìpè kan tí wọn kò gbọ́ rí: "Ẹ máa se omi o! Máa ni o, kì í ṣe má! Ẹ máaaa se omi!" Ó fa a náà gùn títí èémí rẹ̀ fi tán. Ẹni tó mú òkúta jẹ́ kó bọ́.

A jọ rìn ni. Lásúnkànmí níwájú, Ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀, èmi àti Sísítà ń gba ìwé burúkú náà padà láti agbolé dé agbolé, a ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi tí wọ́n ti sè. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Obìnrin kan da omi lé mi lẹ́sẹ̀. Ní ilé Ìyá Rábì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Sísítà dúró tì í títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a ń padà, Sísítà sọ fún Ọ̀gá pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ìwé ló pa ìyá náà, pé àìsàn yẹn lè ti wà lára rẹ̀ kí ìwé tó dé. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mú àwáwí náà lò rí láyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Sísítà sọ ohun kan tí n kò gbàgbé. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun kọ fún wa yẹn, cólera, òun náà ni wọ́n fi ń pe ìbínú lédè tiwọn. Có, le, ra. Kò sí lẹ́tà tó yàtọ̀, agbára ohùn kò sì kúrò níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú rẹ̀ nìkan ló máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ bóyá àìsàn ni àbí ìbínú.

Ọ̀gá ní, "Àwọn méjèèjì la bá níwájú mọ́ṣáláṣí lónìí."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, Ọ̀gá á máa dá a dúró lóòrèkóòrè, á yọ ìwé kan, á kà á sókè, kí ó tó tún tẹ̀ síwájú. Iṣẹ́ wa falẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn oníbàárà kan sì lọ síbòmíràn. Kò fún wa ní àlàyé. Òun àti Lásúnkànmí kò di ọ̀rẹ́. Irú ìyẹn kì í di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀, ọkùnrin náà gbé ìkéde ààwẹ̀ mọ́ṣáláṣí wọn wá fún wa láti tẹ̀. Ó dúró tì mí títí mo fi tò ó tán. Ó ní, "Arábìnrin, ẹ kà á sí mi létí." Mo kà á. Ó ní ó pé, ó lọ.

Ayé wá yí. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ojú ìwé sórí páànù pẹlẹbẹ dé, a kò nílò òjé mọ́. Nígbà tí Ọ̀gá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta àwọn lẹ́tà náà fún àwọn tó ń yọ́ irin. Mo lọ síbẹ̀ lọ wò wọ́n. Wọ́n dà wọ́n sínú ìkòkò, á, à, ẹ́, ẹ̀, gbogbo wọn di omi kan náà, kò sí èyí tó lóhùn mọ́. Mo sunkún bíi ti ọjọ́ tí mo gé "gbogbo" síbi tí kò yẹ.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Mo ti di àgbà, ìka mi sì ti gan. Iléeṣẹ́ kan ní Òṣogbo gbà mí pé kí n máa yẹ iṣẹ́ Yorùbá wò. Ọkùnrin tó ń lo kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ní sùúrù fún mi, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì sórí lẹ́tà. N kò ní bú ẹ̀rọ náà. Ohun tí mo fi òwúrọ̀ kan tò tẹ́lẹ̀, ó ń ṣe é kí n tó mu omi tán. Ṣùgbọ́n òyìnbó ló kọ́ ọ láti gé ọ̀rọ̀. Ó máa ń ya g kúrò lára b láìbìkítà. Nígbà mìíràn, bí a bá gbé iṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, gbogbo lẹ́tà olójú-àmì á di àpótí ṣófo. Èmi àti ọkùnrin náà jọ jà á títí a fi rí ọ̀nà rẹ̀: ó pa ìgékúgèé náà lẹ́nu mọ́ lórí ẹ̀rọ, èmi sì ń fi ẹnu gé èyí tó bá kù. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìntì.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ti kú, n kò ní tàn yín. Òjé ti lọ, ẹ̀rọ tí mo kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ohun tó kù ni pé àwọn èèyàn ṣì ń gba ohun tí wọ́n bá rí lákọsílẹ̀ gbọ́, wọ́n tilẹ̀ ń gbà á gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó ti dé inú fóònù wọn. Ẹni tó ń kọ ọ́ kò sì ní rí ojú wọn. Bí ẹ bá lè gbé ẹrù ìyẹn, ẹ wá. Bí ẹ kò bá lè gbé e, iṣẹ́ mìíràn wà tó níyì, ẹ má jẹ́ kó dùn yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Orí fóònù ló ti ń ṣe ìkéde fún àwọn elétò ìlera, ó sì ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní ẹ lè yẹ èyí wò fún mi. Tí kò bá ní dà yín láàmú. Wọ́n ní ẹ ti fẹ̀yìntì."

Mo ní kí ó fa àga súnmọ́ mi, kí ó sì kà á sókè.

Fẹ̀yìntì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn mi ọ̀hún kò tíì kan ògiri.